Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún iléèwé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n wa,

Ẹ kú ìnáwó ọmọ ọlọ́mọ o. Láti Ìbàdàn dé Adó-Èkìtì, láti Abẹ́òkúta dé Òṣogbo, ẹ̀yin lẹ ń kan òrùlé, ẹ̀yin lẹ ń gbẹ́ kànga, ẹ̀yin náà lẹ tún ń ra kọ̀ǹpútà. Àwọn tó wà ní London àti Houston nínú yín ń fi tiwọn ránṣẹ́. A ò ní kí ẹ má nawó. Bí ẹ ó ṣe ná an la fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ má ra kọ̀ǹpútà 20. Ẹ ra 10, kí ẹ fi owó tó kù ra iná, ilé-ìkàwé tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, àti àkókò ẹni tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn. A mọ̀ pé lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, 20 máa ń wu ojú ju 10 lọ, fọ́tò rẹ̀ a sì dùn ún wò. Àmọ́ ẹ padà wá wò ó ní ọdún kẹta. Aṣọ ti bo mọ́nítọ̀, eruku ti bo aṣọ, kọ́kọ́rọ́ yàrá sì wà lọ́wọ́ tíṣà kan tí wọ́n ti gbé lọ sí iléèwé mìíràn. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù ṣì ń ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù sínú ìwé.

Iná la ó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló sábà ń pa yàrá kọ̀ǹpútà kí nǹkan mìíràn tó dé bá a.

Desktop kan pẹ̀lú mọ́nítọ̀ rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi 100W. Laptop irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì ń jẹ nǹkan bíi 30W, tí a bá ro lílò rẹ̀ pọ̀ mọ́ iná tí bátìrì inú rẹ̀ ń gbà. Ẹ wá mú bátìrì inverter kan, èyí tó wọ́pọ̀, 12V 200Ah. 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400Wh (wáàtì-wákàtí, ìwọ̀n iná tó wà nínú bátìrì). Bátìrì olómi kì í fẹ́ kí wọ́n fà á kọjá ìdajì. Ẹni tó bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ ra òmíràn. Ó ku 1,200Wh. Inverter á jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní ó ku 1,000Wh. Desktop 10 jẹ́ 1,000W: wákàtí kan, ó ti tán. Laptop 10 jẹ́ 300W: wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Bátìrì kan náà ni, yàrá kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà ni.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju wákàtí lọ ni pé laptop ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Bí iná bá lọ lójijì, ọmọ ò ní mọ̀. Desktop á kú fin-ín. Ohun tí ọmọ ò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn, bí kọ̀ǹpútà bá sì ń kọ nǹkan sórí dísìkì lọ́wọ́ nígbà náà, ó lè má tan dáadáa mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ní "ó ti bàjẹ́" nínú yàrá iléèwé, irú ikú bẹ́ẹ̀ ló pa á.

Láti dá 1,200Wh padà sínú bátìrì lójúmọ́, pánẹ́ẹ̀lì sólà 300W méjì ni kí ẹ fi sí i. Ọ̀kan lè tó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nínú òjò oṣù Keje kò ní tó. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku orí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Omi bátìrì ni kí wọ́n máa bù sínú bátìrì olómi, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà. Iyọ̀ tó wà nínú omi mímu ń ba àwọn àwo òjé inú rẹ̀ jẹ́, ojú ò sì lè rí i títí bátìrì á fi kọṣẹ́. Inverter 1kVA lè gbé nǹkan bíi 800W. Bí laptop mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá gbẹ tán tí wọ́n sì so gbogbo wọn mọ́ná lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ṣájà 65W, 650W nìyẹn: ó gbé e. Ṣùgbọ́n ó dájú pé ọ̀gá iléèwé á fẹ́ kó printer wá síbẹ̀. Printer laser tó ń gbóná kó tó tẹ̀wé lè fa 800W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, inverter á sì ké, á kú. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé printer ò gbọdọ̀ kan inverter yìí.

Ẹ̀rọ wo wá ni kí ẹ rà? Tòkunbọ̀. Ojú lè máa ti ẹgbẹ́ láti gbé tòkunbọ̀ síwájú àwọn àlejò pàtàkì, ṣùgbọ́n laptop tuntun tí owó rẹ̀ rọjú, púrósẹ́sọ̀ Celeron, 4GB RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), ibi ìpamọ́ 64GB tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ìgbà tó bá ti bàjẹ́ ló parí, kò ṣeé fi kún, kò ṣeé pààrọ̀. ThinkPad, Latitude ti Dell tàbí EliteBook ti HP tí ilé-iṣẹ́ kan ti lò lókè òkun ní ìdè tó ṣeé tú, RAM tó ṣeé yọ, kíbọ́ọ̀dù tó ṣeé pààrọ̀. Ẹ̀yà ara wọn kún Computer Village ní Ìkejà bí ata ṣe kún Mile 12. (ThinkPad X1 Carbon ò sí lára wọn o, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù.) Kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ irú kan náà délẹ̀délẹ̀, kí ṣájà ọ̀kan lè wọ èkejì, kí èyí tó bá kú sì di ẹ̀yà ara fún àwọn tó kù. Onírúurú mẹ́wàá tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kó jọ láti ilé wọn, ìnira ló máa ń dà lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹ béèrè fún 8GB RAM àti SSD 240GB (ibi ìpamọ́ tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀), kì í ṣe dísìkì ayíbíríbírí. SSD lórí ẹ̀rọ àtijọ́ ń yá ju dísìkì ayíbíríbírí lórí ẹ̀rọ tuntun lọ, bí ọmọ bá sì ṣèèṣì jan tábìlì, nǹkan kan ò ní ṣe é. Ní ti ọjọ́ orí ẹ̀rọ, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì nínú orúkọ púrósẹ́sọ̀ Intel: i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ. Ẹ má wo sítíkà ara rẹ̀, sítíkà ṣeé lẹ̀. Ẹ tẹ msinfo32 sínú àpótí ìṣàwárí Windows, òun á sọ òótọ́. Ìdí tí nọ́ńbà yìí fi ṣe kókó ni pé Microsoft ti dá àtúnṣe Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè ìran kẹjọ sókè àti TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń tajà lè ti yí Windows 11 lọ́rùn kó tó wọ ìran kẹfà, ó lè ṣiṣẹ́ lójú yín, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú rẹ̀. Bí ẹ bá máa lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń dúró ní ipò Windows, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe gbà yín nímọ̀ràn nísàlẹ̀, ìran kẹfà tó yín. Ẹ má san owó ìran kẹjọ.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wọ inú BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé: F1 lórí ThinkPad, F2 lórí Dell, F10 lórí HP. Bó bá béèrè páàsíwọ́ọ̀dù, ẹ dá a padà. Ọlọ́jà á ní kò sí wàhálà, ṣebí Windows ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ló sọ, Windows ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi flash gbé nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ ni ẹ ó mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn, ó sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Ti ThinkPad kì í sì gbàgbé páàsíwọ́ọ̀dù yìí, bí a tilẹ̀ yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Á ṣe fáìlì kan, á sì sọ ibi tó fi í sí. Nínú rẹ̀, ẹ wá Design Capacity àti Full Charge Capacity. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000mWh tí ti èkejì jẹ́ 19,000, bátìrì yẹn ti ku 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa ò ní gba èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 60, àfi tí ọlọ́jà bá gé owó bátìrì tuntun kúrò. Ẹ fi CrystalDiskInfo wo dísìkì: Good ni kó wí. Bó bá wí Caution, kí wọ́n pààrọ̀ dísìkì kí ẹ tó gbé e. Ẹ ṣí Notepad kí ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kan tó ń tẹ ara rẹ̀, tàbí èyí tí kò dáhùn, á mú kí ọmọ rò pé òun ló ṣàṣìṣe. Ẹ ki flash bọ ojú USB kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí fídíò máa ṣeré fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ gbé ọwọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá gbóná tí fáànù sì ń han gooro, ó nílò gíríìsì tuntun lórí púrósẹ́sọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ńlá, ẹ kàn fi dúnàá-dúrà.

Chromebook tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, ẹ kíyè sí i. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti iléèwé lókè òkun rí. Bí iléèwé yẹn ò bá yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí ẹ bá tàn án á máa béèrè àkántì iléèwé yẹn, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún ní ọjọ́ tí Google á dá àtúnṣe rẹ̀ dúró, ọjọ́ yẹn sì lè ti kọjá.

Ti sọ́fítíwíà ò pọ̀. Linux Mint, ẹ̀dà Xfce, ọ̀fẹ́ ni, fáìlì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3GB, ó sì rí bíi Windows tó fi jẹ́ pé tíṣà ò ní sá fún un. Ẹ fi balenaEtcher kọ ọ́ sórí flash, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ F12 lórí ThinkPad tàbí Dell, F9 lórí HP, kí ẹ mú flash náà. Ẹ ṣe ẹ̀rọ kan pé pérépéré, pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ á lò, kí ẹ wá fi Clonezilla dà á kọ sórí mẹ́sàn-án tó kù. Dísìkì tó ń gbà kò gbọdọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, bí kò ju ẹyọ kan lọ pàápàá á kọ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà yẹn: bí ọmọ kan bá ba ẹ̀rọ jẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé náà ni ẹ ó dá a padà sípò, ẹnikẹ́ni ò sì ní máa bẹ̀rù láti fọwọ́ kan nǹkan. Ọmọ tí kò lómìnira láti ba nǹkan jẹ́ ò lè kọ́ kóòdù.

Ní báyìí, íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà tí ẹ bá rà fún iléèwé, TikTok ló máa jẹ ẹ́. A ò bú ẹnikẹ́ni, bó ṣe ń rí nìyẹn. Ohun tó dára jù ni kí ẹ kó ìmọ̀ náà wá sínú yàrá. Ẹ ra laptop kọkànlá tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Owó rẹ̀ á ti já, ojú ò sì wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi HDMI so ó mọ́ mọ́nítọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé Mint sórí rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kó máa gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé kiwix-tools sórí rẹ̀. Kiwix ni sọ́fítíwíà tó ń ka fáìlì ZIM, odindi ojú òpó tí wọ́n dì sínú fáìlì kan. Àṣẹ rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

kiwix-serve --port 8080 *.zim

Ẹ so ó mọ́ router Wi-Fi kan tí kò ní SIM, tí kò ní dátà. Kí ẹ sọ fún router pé kó máa fún un ní àdírẹ́sì kan náà nígbà gbogbo, bíi 192.168.0.100, nítorí tí àdírẹ́sì bá ń yí, àwọn ọmọ á ní "Wikipedia ò ṣiṣẹ́". Gbogbo laptop, àti fóònù tíṣà pàápàá, á máa ṣí http://192.168.0.100:8080 láìná kọ́bọ̀.

Kí ni kó wà nínú rẹ̀? Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán jẹ́ nǹkan bíi 100GB. Ti Yorùbá kéré, ẹ má fi sílẹ̀. Kiwix tún ní àwọn ìwé atọ́nà DevDocs fún Python, HTML, CSS àti JavaScript, àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ìwọ̀nyí ni oúnjẹ oòjọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù. Ìwé Python fúnra rẹ̀ wà fún gbígbà ní docs.python.org, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú. Níbí ni ẹ̀yin tó wà ní London ti wúlò ju owó lọ: ẹ gba àwọn fáìlì yìí sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ wá fún Kérésì gbé dísìkì náà dání. Ṣùgbọ́n ẹ fọ́mátì rẹ̀ ní exFAT. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó ju 4GB lọ. Á ní fáìlì ti tóbi jù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààyè kún ibẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé flash ló bàjẹ́. Ní ti flash, ayédèrú pọ̀: wọ́n á kọ 128GB sára rẹ̀, 8GB ló wà nínú, á sì máa gba fáìlì lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan títí ẹ ó fi ṣí i tí ẹ ó bá òfìfo. H2testw lórí Windows, tàbí f3write àti f3read lórí Linux, á kún un dé ẹnu, á sì kà á padà. Ó ń pẹ́. Ẹ ní sùúrù fún un.

Ohun tí ọmọ máa fi bẹ̀rẹ̀ ni Python nínú Thonny, ètò tí wọ́n ń kọ kóòdù Python sí. Yunifásítì Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ṣe Thonny fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì lè rin kóòdù ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ kí ọmọ rí bí iye inú orúkọ kan ṣe ń yí lójú rẹ̀. VS Code, ètò ìkọ kóòdù mìíràn, dára, àwa náà ń lò ó, ṣùgbọ́n á máa bá ọmọ parí ọ̀rọ̀ kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ, á sì máa béèrè fún àfikún tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ó di oṣù kẹfà.

Inú Python ni ìjàpá kan wà, turtle ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọkọ Yánníbo o, èyí ò ní ọgbọ́n àrékérekè rárá, ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe gan-an ló ń ṣe:

import turtle
for i in range(4):
    turtle.forward(100)
    turtle.left(90)
turtle.done()

Igun mẹ́rin dọ́gba nìyẹn. Ẹ ní kí ọmọ yí 4 sí 5, kó yí 90 sí 144: ìràwọ̀ yọ. Ẹ béèrè ìdí tó fi jẹ́ 144, kí ẹ dákẹ́. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju ti ojú pátákó ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Wàhálà tó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ la lè sọ fún yín láti ibi tí a jókòó sí. Ọmọ á fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ ní turtle.py, torí turtle ló ń kọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, Python ní turtle kò ní forward. Kóòdù tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀ lórí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan ò yàtọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé import ń kọ́kọ́ wá turtle nínú fódà tí iṣẹ́ náà wà, ó bá fáìlì ọmọ náà fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbà pé òun ni. Ẹ yí orúkọ fáìlì sí irawo.py, ó parí. Fáìlì tí wọ́n bá pè ní random.py náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni WhatsApp. Tíṣà á fi kóòdù ránṣẹ́ sí gúrúùpù, àmì ìyọsọ́tọ̀ tó gún régé á ti di èyí tó tẹ̀, Python á sì ní òun ò mọ àmì U+201C, ìyẹn nọ́ńbà àmì tó tẹ̀ náà. Word náà máa ń ṣe é. WhatsApp tún lè gbé àmì ìràwọ̀ mì torí ó rò pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúdú kirikiri ni. Fáìlì .py ni kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ńtì, kí wọ́n má kọ kóòdù sínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀.

Bí ọmọ bá fẹ́ àfikún bíi pygame, tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, pip ló ń gba àfikún Python: ẹni tó ní dátà á ṣe pip download -d apo pygame lórí kọ̀ǹpútà tí Linux àti Python rẹ̀ bá ti iléèwé mu, á gbé fódà apo wá, wọ́n á sì ṣe pip install --no-index --find-links=apo pygame. Bí Python wọn ò bá jọra, á ní òun ò rí nǹkan kan nínú fódà tó kún. Mint tuntun tún lè kọ̀, kó ní externally-managed-environment. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe python3 -m venv ile, kí wọ́n sì lo pip inú rẹ̀.

CS50, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Harvard, tí David J. Malan ń kọ́, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gbà kí ẹ dà á kọ bí ẹ ò bá tà á. Ẹ kó o sí laptop inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Scratch, èdè kóòdù aláwòrán, ló fi ń ṣí i, ó sì bọ́ sínú C, èdè kóòdù tó le, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ọmọ tí kò tíì kọ ìlà Python 200 fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló máa já sí.

A fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olùkọ́ kóòdù kì í sọ, torí ọmọ Yorùbá ló máa kàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ètò tó ń lo èdè wọn: ìwé atúmọ̀ kékeré, àlọ́ àpamọ̀, ìbéèrè òwe. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan á kọ ìdáhùn "ọ̀rẹ́", á tẹ "ọ̀rẹ́" gan-an, kọ̀ǹpútà á sì ní kò gba. Ojú rí i pé ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń gbà to àmì yàtọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á fi ọ tó ti ní àmì nísàlẹ̀ ránṣẹ́, U+1ECD, kó wá gbé àmì ohùn U+0300 lé e. Òmíràn á fi o lásán ránṣẹ́, àmì ìsàlẹ̀ U+0323, lẹ́yìn náà ohùn. Ojú rí lẹ́tà mẹ́ta: ọ̀, r, ẹ́. len(), tó ń ka iye àmì, á ní 5 fún ọ̀nà àkọ́kọ́, 7 fún èkejì. Àtúnṣe rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NFC, ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan náà. Ìlà méjì ni:

import unicodedata
idahun = unicodedata.normalize("NFC", idahun)

Kí wọ́n ṣe é fún ohun tí ọmọ tẹ̀ àti ohun tó wà nínú fáìlì bákan náà, lẹ́yìn náà kí wọ́n tó fi wọ́n wéra. Ohun tó wá jọ wá lójú ni pé Python máa ń ṣe irú àtúnṣe yìí fúnra rẹ̀ fún orúkọ tí ẹ fi pe nǹkan nínú kóòdù. Ẹ lè kọ ọ̀rẹ́ = 5 pẹ̀lú ohùn àti àmì rẹ̀ pé, á gbà á, kíbọ́ọ̀dù yòówù kí ẹ lò. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì ìyọsọ́tọ̀ ni kì í fọwọ́ kàn.

Lórí Windows, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n máa kọ open("owe.txt", encoding="utf-8"). Láìsí encoding yẹn, ẹ lè di áº¹, ṣ lè di á¹£. Lórí Mint kì í ṣẹlẹ̀. Títo ọ̀rọ̀ ní a-b-d náà ní tirẹ̀: sorted() lẹ́yìn NFC á kó gbogbo ẹ àti ọ sẹ́yìn z, á sì fi "gbogbo" ṣáájú "gígùn", torí kò mọ̀ pé gb jẹ́ lẹ́tà kan lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi èyí lé ọmọ SS2 lọ́wọ́ fún ìsinmi. Iṣẹ́ gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ ò sì sí nínú ìwé tí wọ́n lè dà kọ.

Fóònù ńkọ́? Ọmọ tó bá ní Android nílé lè fi Pydroid 3, áàpù Python fún fóònù, ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a sọ. Termux lágbára jù ú lọ. Ẹ gbà á láti F-Droid, ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù ọ̀fẹ́, ẹ ṣe pkg update, lẹ́yìn náà pkg install python. Okùn OTG àti kíbọ́ọ̀dù USB á gba ìka lọ́wọ́ ìnira.

Ẹnì kan nínú yín á dábàá Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, èyí tó dé ọjà ní 2012. Ó dára gan-an fún ẹni tó fẹ́ so iná àti ẹ̀rọ mọ́ kóòdù. Fún gbogbo yàrá, rárá. Kò ní ojú, kò ní kíbọ́ọ̀dù, kò ní bátìrì. Pi 4 ń béèrè 5V 3A gidi; ṣájà fóònù lásán á mú kí àmì mànàmáná máa yọ lójú rẹ̀, kó sì máa fà. Iná tó ń lọ lójijì sì máa ń ba káàdì SD rẹ̀ jẹ́. Ẹ ra ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi sọ́wọ́ ọmọ tó bá ti kọjá ti ìjàpá.

Ó ku ilẹ̀kùn. Nínú ₦100 tí ẹ bá kó jọ, bí ó bá jẹ́ tiwa, ₦45 á lọ sí ẹ̀rọ, ₦30 sí iná, ₦5 sí laptop inú kọ́bọ́ọ̀dù àti router, ₦10 sí ṣájà, bátìrì àti kíbọ́ọ̀dù tí a ó pààrọ̀. ₦10 tó kù jẹ́ owó ẹni tó máa ṣí yàrá lẹ́yìn ìparí iléèwé lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjì-méjì, fún odindi ọdún àkọ́kọ́. Kò pọn dandan kó jẹ́ tíṣà kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́ àdúgbò tó ń retí àbájáde JAMB lè ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ igbákejì ọ̀gá. Kí ìwé kan wà lórí tábìlì tí ọmọ á máa kọ orúkọ, aago tó dé àti aago tó lọ sí. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìpàdé ọdọọdún, ìwé yẹn ni kí ẹ ní kí wọ́n gbé wá, kì í ṣe fọ́tò.

Flash méjì ni kí ẹ mú dání lọ sọ́jà: Mint nínú ọ̀kan, CrystalDiskInfo àti H2testw nínú èkejì. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ọjà máa ń há, ọlọ́jà ò sì ní fẹ́ kí ẹ jókòó ti ẹ̀rọ kan fún ìṣẹ́jú 20.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kóòdù